Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Ya Ẹyẹ, Ẹja àti Òkè Ilẹ̀ Wa Tí Fọ́tò Á sì Jáde Dáadáa

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní bi mí pé "fóònù wo lẹ fi ya ẹyẹ yẹn?" Tí mo bá ní fóònù tó ti lé lọ́dún mẹ́rin ni, tí ojú ẹ̀ tiẹ̀ ti sán, wọn kì í gbà, wọ́n á ní mò ń fi nǹkan pa mọ́. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́ o. Aago tí mo yà á àti bí mo ṣe jókòó dè é ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Torí náà mo kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ni tó bá tún béèrè wá kà á.

Òde ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mo fi ń jẹun ní Kàbà, nílẹ̀ Okun, Ìpínlẹ̀ Kogi, bí kò bá sí òde ni mo máa ń lọ ya ẹyẹ àti òkè. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, fóònù lè ṣe é. Ibi tó bá gba kámẹ́rà ńlá, màá sọ.

## Kẹ́ ẹ tó jáde nílé

1. Ẹ nu lẹ́ńsì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo gun òkè kan ní Ògìdì láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí rí, mo jókòó de oòrùn títí, mo ya fọ́tò tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé gbogbo ẹ̀ ló ṣú bí ìgbà téèyàn fi náílọ́ọ̀nù bo ojú, àṣé ìpara tí mo fi pa ara láàárọ̀ ni mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì. Aṣọ òwú tó mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ há èémí sí i díẹ̀ kẹ́ ẹ tó nù ún. Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, torí eruku tẹ́ ẹ bá fi aṣọ gbo mọ́ ọn á ha á.
2. Ẹ pa fláàṣì, ẹ pa ohùn kámẹ́rà pẹ̀lú. Fláàṣì fóònù ò lè dé orí igi, ẹran tó wà nítòsí ló máa lé sá.
3. Ẹ lọ sí sẹ́tín kámẹ́rà, ẹ tan Grid. Àwọn ìlà tó pín ojú skírìn sí mẹ́sàn-án nìyẹn, òun ni ò ní jẹ́ kí odò dà bíi pé ó fẹ́ ṣàn jáde nínú fọ́tò.
4. Ẹ wá àyè sílẹ̀. Gbogbo fídíò "ẹ káàárọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí á san wá" tó kún WhatsApp yín, ẹ pa á rẹ́. Ìgbà tí ẹyẹ bá na apá gan-an ni fóònù máa ń sọ pé àyè ti tán.
5. Bátìrì kó kún, pọ́wábáǹkì kó wà nínú báàgì. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí.
6. Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má fín lọ́fínńdà, òde kọ́ là ń lọ.

## Ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ má fò ó

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ká tètè débi fọ́tò, àmọ́ ọ̀nà wa ò rí bó ṣe rí láyé àtijọ́ mọ́, ẹ sì mọ ohun tí mò ń sọ. Fọ́tò kankan ò tó nǹkan téèyàn ń tìtorí ẹ̀ dá wọ igbó.

- Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, lálẹ́ àná àti láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ní ẹ má lọ, ẹ yáa padà sílé.
- Ẹ mú ọdẹ tàbí fijilanté àdúgbò yẹn dání, kẹ́ ẹ sì fún un lówó iṣẹ́ ẹ̀. Ó mọ ọ̀nà, ó tún mọ ibi tí ẹran ń gbà kọjá, àǹfààní méjì lẹ rí gbà yẹn.
- Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti aago tẹ́ ẹ máa dé fún ẹnì kan nílé.
- Ẹ má ya ṣójà, ọlọ́pàá tàbí ibi tí wọ́n ti dúró lójú ọ̀nà, kódà kí òkè tó wà lẹ́yìn wọn dára bí àlá.
- Igbó ìmọ̀lẹ̀, ojúbọ, ibi tí wọ́n so màrìwò sí: ẹ lọ bá baálẹ̀ tàbí àwọn àgbà kẹ́ ẹ tó yọ fóònù. Ibòmíì wà tí obìnrin ò gbọ́dọ̀ dé, ibòmíì wà tí àlejò kankan ò gbọ́dọ̀ dé. Bí wọ́n bá ní rárá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.
- Dróònù: ìwé àṣẹ wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò kẹ́ ẹ tó fò ó ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá kàn gbé e fò lágbègbè wa lásìkò yìí ń wá wàhálà ni.

Bí gbogbo èyí bá ti le jù fún yín, ẹ̀yìnkùlé wà. Ó ju ìdajì fọ́tò ẹyẹ mi lọ tí mo yà láìkúrò nínú ọgbà ilé wa.

## Aago wo, oṣù wo?

Ní agbègbè Kàbà, oòrùn máa ń yọ láàárín aago 6:15 sí 6:55, á sì wọ̀ láàárín 6:15 sí 7:00 ìrọ̀lẹ́, ó kù sọ́wọ́ oṣù tẹ́ ẹ wà. Wákàtí kan tó tẹ̀ lé yíyọ ẹ̀ àti wákàtí kan tó ṣáájú wíwọ̀ ẹ̀, àsìkò fọ́tò nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, á máa ta bí epo pupa, òjìji á gùn, ara òkè á sì yọ ihò àti gegele ẹ̀ síta. Láago méjìlá ọ̀sán gbogbo nǹkan á fẹ̀ pẹrẹsẹ, ojú ẹyẹ á ṣókùnkùn, ojú ọ̀run á funfun bíi bébà.

Ọyẹ́, láàárín December sí February, máa ń bo òkè ọ̀ọ́kán mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn á ní kò sí fọ́tò nígbà ọyẹ́, irọ́ ni. Oòrùn á pọ́n roboto bí ẹyin ojú àdàbà, èèyàn lè yà á tààrà láìsí pé ó ń ta yanran, òkè tó wà lẹ́yìn òkè á sì máa fẹ́lẹ́ síwájú títí tí ìgbẹ̀yìn á fi dà bí òjìji. Àmọ́ tó bá jẹ́ òkè tó mọ́ kedere, tí èèyàn lè máa ka igi orí ẹ̀, lẹ fẹ́, ẹ dúró de òjò. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ lóru tó sì dá láàárọ̀, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹ gbé fóònù kẹ́ ẹ jáde.

## Ẹyẹ àti ẹranko

Ẹ̀gà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pọ̀, ariwo wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wá wọn tì, wọ́n sì máa ń padà sójú kan. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí wọ́n ti já gbogbo imọ̀ ẹ̀ tán pátápátá, ó ku ọ̀pá ọ̀pá, ìtẹ́ ń fì lára ẹ̀ bí ìgbà téèyàn so kèrègbè kọ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, akọ á rọ̀ mọ́ abẹ́ ìtẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, á dorí kodò, á máa gbọn apá méjèèjì pìpìpì kí abo lè wá wo ilé, bí abo bá wá tó wò ó tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn á fò lọ, akọ á sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá ìdáná ẹ̀ dúró. Fọ́tò tó wù mí jù nínú gbogbo èyí tí mo ní, ọjọ́ yẹn ni mo yà á.

1. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ya nǹkan kan. Ẹ wo ẹ̀ka tó máa ń bà lé kó tó wọ ìtẹ́. Ẹ̀ka yẹn lẹ máa dojú fóònù kọ, ẹ ò ní máa fi fóònù lé ẹyẹ kiri ojú ọ̀run.
2. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín.
3. Ẹ jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri tàbí igi, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Baba ọdẹ kan tó máa ń mú mi wọgbó sọ fún mi pé, "Èèyàn tó ń rìn lẹyẹ ń sá fún, èyí tó bá ti jókòó ti di kùkùté lójú ẹ̀." Òótọ́ ni. Ẹyẹ kan ti bà sórí báàgì mi rí.
4. Ẹ tẹ orí ẹyẹ náà lójú skírìn, kẹ́ ẹ fi ìka síbẹ̀ títí AE/AF Lock tàbí àmì àgádágodo á fi hàn. Ìyẹn ni pé fóònù ti gbájú mọ́ ibẹ̀, ewé tó bá fẹ́ kọjá níwájú ò ní tàn án.
5. Bí fóònù yín bá ní Pro, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti lè ṣètò kámẹ́rà fúnra yín, ẹ wá S, ṣọ́tà nìyẹn, bí kámẹ́rà ṣe máa yára ya fọ́tò tó. Ẹyẹ tó jókòó, 1/250 tó. Ẹyẹ tó ń fò, 1/1000 sókè, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdù. Ẹ jẹ́ kí fóònù mú ISO, ìyẹn bó ṣe máa gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, fúnra ẹ̀. Bí kò bá ní Pro, ẹ rí i dájú pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, fóònù á ya kíákíá fúnra ẹ̀.
6. Ẹ ya léraléra. Lára Android kan ẹ ó di bọ́tìnì mú, lára òmíràn ẹ ó fà á wálẹ̀, lára iPhone ẹ ó fà á sápá òsì. Ẹ ya ogún, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ pa ìyókù rẹ́ lálẹ́ yẹn kan náà.

Lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù nínú pápá rọrùn láti rí, àmọ́ ó máa ń ba fọ́tò jẹ́ torí funfun ẹ̀ pọ̀ jù, fóònù á sọ ọ́ di òwú lásán tí kò ní ìyẹ́ kankan lára. Ẹ tẹ ara ẹ̀ lójú skírìn, ẹ máa rí àmì oòrùn kékeré, ẹ fà á wálẹ̀ títí ìyẹ́ á fi máa hàn. Ẹyẹ dúdú, ẹ fà á sókè. Kẹ́ ẹ sì kí darandaran tó ni màlúù kẹ́ ẹ tó na fóònù sí i, ẹ má dákẹ́ dúró sẹ́yìn igi bí amí.

Alángbá ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò sí ẹranko ládùúgbò yín, akọ alángbá olórí pupa kan ò ní ṣàìsí lára ògiri yín láago mẹ́jọ àárọ̀, ibẹ̀ ló ti ń yáná oòrùn. Ẹ má dúró gbọnran yà á látòkè, ẹ dọ̀bálẹ̀. Kí lẹ́ńsì wà ní ìpele ojú ẹ̀. Fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà látòkè, alángbá lásán ni. Èyí tẹ́ ẹ bá yà nílẹ̀, ọba ni, ẹ ó rí bó ṣe ń mirí pé bẹ́ ẹ ò bá yin òun, òun á yin ara òun. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dọ̀bálẹ̀ ẹ wo ilẹ̀ o, ìjàlọ ò mọ ẹni tó ń ya fọ́tò yàtọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó, àṣá máa ń kóra jọ sókè iná, wọ́n á máa já wá mú tata àti eku tó ń sá jáde. Fọ́tò tó lágbára ni, àmọ́ ẹ dúró sápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, lójú ọ̀nà tàbí lórí ilẹ̀ tó ti jó tán. Ẹ má dúró níwájú iná láé. Kẹ́ ẹ sì má dáná sungbó torí fọ́tò, mo ń sọ ọ́ torí mo ti rí ẹni tó fẹ́ ṣe é.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Súùmù àjùlọ. Bí fóònù yín bá ní lẹ́ńsì 2x tàbí 3x, ẹ lò ó. Kọjá ìyẹn, ńṣe ló kàn ń gé fọ́tò tó ń fẹ̀ ẹ́, kò sún mọ́ nǹkan kan. Ẹ yà á bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gé e fúnra yín nílé.
- Jíju òkúta kí ẹyẹ lè fò. Bí ìyá ẹyẹ bá sá kúrò lórí ẹyin nínú oòrùn, ẹyin lè bàjẹ́.
- Títú ewé kúrò lára ìtẹ́ kí ọmọ lè hàn. Ẹ ti júwe ilé fún àwòdì àti ejò nìyẹn.
- Kíká mọ́ ejò. Ọká tàbí paramọ́lẹ̀ tó bá dúró jẹ́ẹ́ kò sùn o. Ẹ yà á látòkèèrè, bí kò bá hàn dáadáa, kó má hàn.
- Fífi ibi tẹ́ ẹ ti rí ẹran tó ṣọ̀wọ́n sínú fọ́tò. Bẹ́ ẹ bá ríre bá akíka pàdé, èyí tó máa ń ká ara ẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, ẹ pa Location kúrò lára kámẹ́rà, ẹ má dárúkọ abúlé. Láti 2017 ni òfin CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ṣọ̀wọ́n, ti ka òwò ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń wá a ò sinmi.

## Kòkòrò

Ìdájí ni tiwọn. Òtútù ìdájí kì í jẹ́ kí lámilámi àti labalábá lè fò, wọ́n á kàn dúró sára koríko, ìrì á sì wà lójú wọn. Ẹ lo Macro, èyí tí wọ́n fi ń ya nǹkan kékeré látòsí, bí fóònù yín bá ní in, bí kò bá ní, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ lo 2x. Bẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù fóònù ò ní ríran mọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fọ́tò onírúurú ìkùukùu ránṣẹ́ sí mi nìyẹn. Ojú kòkòrò ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ó parí.

## Ẹja

Okun la jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òkun ò sí lọ́dọ̀ wa. Odò la ní, a ní Odò Ọya àti Bẹ́núé tó pàdé ní Lọ́kọ́jà, a ní Kámpè àti ìdídò Omi lápá Yàgbà, a sì ní àwọn odò kéékèèké tí orúkọ wọn ò sí nínú máàpù. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀.

Ọ̀nà kìíní: láti bèbè odò

1. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ti fà tó sì mọ́. Nígbà òjò, omi pupa ni, ẹ ò ní rí nǹkan kan.
2. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago kan ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bú ọ̀sán tẹ́lẹ̀, àmọ́ ibí nìkan ni mo ti gbà á láyè, torí oòrùn tó wà lókè gan-an ló ń wọ inú omi lọ dé ilẹ̀ ẹ̀.
3. Ẹ dúró síbi tí òjìji yín ò ti ní bọ́ sínú omi. Ẹja ń rí òjìji, á ní ẹyẹ ni.
4. Ẹ wá jígí ojú tó jẹ́ polarized, ẹ fi bo lẹ́ńsì, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ìdán tó ń tàn lójú omi á dédé pòórá, ẹ ó sì rí ẹja bí ẹni wo inú àwo. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá jígí yín jẹ́ polarized: ẹ fi wo ojú fóònù, ẹ yí jígí náà, bí skírìn bá ṣókùnkùn níbì kan, òun ni.
5. Ẹ fọ́n búrẹ́dì bí orí ìka kan péré, ẹ dúró. Ẹ tẹ ẹja lójú skírìn, ẹ ya léraléra.

Ọ̀nà kejì: nínú àpótí gíláàsì

Èyí ló máa ń mú kí àwọn èèyàn rò pé mo wọ inú omi. Àwọn apẹja tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọ̀n lẹ máa bẹ̀, kí wọ́n yá yín epìyà kékeré kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

1. Àpótí gíláàsì onígun mẹ́rin ni, ẹni tó ń gé gíláàsì fèrèsé lè lẹ̀ ẹ́ fún yín. Ẹ má lo ìgò tàbí ife róbótó, á ká ẹja kò.
2. Ẹ fọ̀ ọ́ láìfi ọṣẹ sí i. Omi odò yẹn kan náà ni kẹ́ ẹ bù, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ kí iyanrìn má baà léfòó nínú ẹ̀.
3. Ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn, kí oòrùn máa wọlé látòkè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́.
4. Ẹ rẹ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹja, ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara ẹ̀, yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ yẹn ló sì ń dáàbò bò ó.
5. Ẹ fi lẹ́ńsì lẹ gíláàsì tímọ́tímọ́. Bí àyè bá wà láàárín, ojú ara yín lẹ máa yà.
6. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un, tàbí fún apẹja tó ni ín.

Àrọ̀ ní ẹ̀gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀jíjí, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, iná ara ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ bi apẹja èyíkéyìí.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n ní omi ò lè wọ̀: omi tó mọ́, tó sì dúró jẹ́ẹ́, ni wọ́n fi dán an wò, nígbà tó ṣì wà lọ́tun. Bí atúnfóònùṣe bá ti ṣí i rí láti pààrọ̀ skírìn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Èmi náà ti fi náílọ́ọ̀nù méjì we fóònù rí, mo kì í bọ odò kan lọ́nà Bùnú, mo rò pé mo gbọ́n. Ihò bí ojú abẹ́rẹ́ ló wà nínú náílọ́ọ̀nù yẹn. Mo rí omi tó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ skírìn bí ìgbà tí tíì bá ń wọ búrẹ́dì, ọwọ́ mi ṣì wà nínú odò, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ nù ún, ẹ gbé e síbi atẹ́gùn, ẹ má ṣe ṣájì ẹ̀ títí á fi gbẹ dáadáa. Ẹ má gbé e sínú ìrẹsì, eruku ìrẹsì ló máa wọnú ẹ̀ kún omi.

Ìkìlọ̀ omi: ẹ má fẹsẹ̀ lásán wọ omi tó dúró sójú kan tí koríko kún etí ẹ̀, ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń wọ ara. Bẹ́ ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́jà, bí kò bá sí lifejacket, ẹ má wọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ọ̀nì wà kẹ́ ẹ tó lọ kúnlẹ̀ sétí omi.

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó tàbí Àgbádárìgì tó fẹ́ ya nǹkan inú òkun gan-an, ẹ lọ nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, ẹ ó rí akàn lórí iyanrìn. Iyọ̀ ni ọ̀tá níbẹ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sínú omi tútù lásán nu fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò léti òkun. Bó bá jẹ́ òru, tí ìjàpá òkun gòkè wá yé ẹyin, ẹ má tan iná kankan sí i, ẹ má lo fláàṣì, á padà sómi láìyé.

## Òkè, àpáta àti odò

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ lọ́sàn-án láìya nǹkan kan. Ibo ni oòrùn máa gbà yọ, ibo lèèyàn lè tẹ̀, ibo ni òpó iná ò ti ní wọnú fọ́tò.
2. Ẹ débẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ. Àwọ̀ ojú ọ̀run tó dára jù máa ń wá kó tó yọjú, ẹni tó bá dé nígbà tó ti yọ ti pẹ́.
3. Ẹ wá nǹkan síwájú: koríko, òkúta, igi kájú, ojú ọ̀nà tó ń ká kọrọkọrọ lọ. Òkè nìkan láìsí nǹkan níwájú ẹ̀ máa ń dà bíi gegele ilẹ̀ lásán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya àwọn òkè Ògìdì tẹ́ ẹ wá ń ní "ó tóbi ju báyìí lọ lójú", ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ lè ní kí ẹnì kan lọ dúró jìnnà sí yín, kí èèyàn lè mọ bó ṣe ga tó.
4. Ẹ fi ìlà Grid gbé ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé. Ọ̀run bá dára, ẹ fún un ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kò bá sí nǹkan lójú ọ̀run, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún.
5. Ẹ tẹ ojú ọ̀run lójú skírìn, ẹ fa àmì oòrùn wálẹ̀ díẹ̀. Ibi tó bá ṣókùnkùn, ẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i nílé, àmọ́ ibi tó bá ti funfun tán, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.
6. Ẹ má dì í mú lọ́wọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré. Kò sí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé? Ẹ rọ iyanrìn sínú àpò ìrẹsì kékeré, ẹ so ẹnu ẹ̀, ẹ gbé fóònù lé e, á jókòó sórí àpáta tó dà gẹ̀rẹ̀ pàápàá. Ẹ lo táímà sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta, tàbí kẹ́ ẹ ki earpiece onívọ́lúùmù bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tẹ vọ́lúùmù, lára ọ̀pọ̀ fóònù á ya fọ́tò láìsí pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Bí àpẹẹrẹ, Òkè Patti ní Lọ́kọ́jà. Òkè yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 450 sókè ìpele òkun, ẹ ó máa wo odò méjèèjì nísàlẹ̀. Ìlà oòrùn lẹ máa kọjú sí bẹ́ ẹ bá ń wo ìpàdé odò, torí náà láàárọ̀ oòrùn á wà lójú yín, omi á tàn bíi wúrà, ọkọ̀ ojú omi á dúdú kiribiti lórí ẹ̀. Ìyẹn wù mí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àwọ̀ omi méjèèjì lẹ fẹ́ kó yàtọ̀ síra, láti bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, oòrùn á ti wà lẹ́yìn yín. Igi oṣè wà lókè níbẹ̀ tó dára láti fi ṣe ohun iwájú. Nígbà ọyẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ lè má rí odò rárá.

Omi tó ń ṣàn lórí òkúta, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rí bí òwú: fóònù lórí àpò iyanrìn, Pro, ISO 50 tàbí 100, S láàárín 1/4 sí sẹ́kọ́ǹdù kan. Bí fọ́tò bá funfun jù, ẹ fi jígí ojú dúdú bo lẹ́ńsì. Ẹni tó bá ń lo iPhone, ẹ tan Live Photo kẹ́ ẹ tó yà á, ẹ wá yí i sí Long Exposure nínú gálárì.

Ewu orí òkè ò pọ̀, àmọ́ ó le. Àwọn ìlà dúdú dúdú tí ẹ ń rí lára àpáta, ewédò gbígbẹ ni, bí òjò bá ti kàn án á yọ̀ bí ilá. Oyin máa ń wà nínú pàlàpálá, ẹ má fi fóònù yọjú wo ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ àrá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin lẹ ga jù lórí àpáta yẹn, kẹ́ ẹ sì má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá wà.

## Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kámẹ́rà

Ẹ má rà á lọ́dún àkọ́kọ́. Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ rà á torí ẹyẹ, lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ náwó lé, 70-300mm tokunbọ̀, èyí tó ń fa nǹkan ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni, lára kámẹ́rà àtijọ́ sàn ju kámẹ́rà tuntun tí lẹ́ńsì ẹ̀ kúrú lọ. Níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú lẹ́ńsì láti ẹ̀yìn, bẹ́ ẹ bá rí nǹkan bí okùn aláǹtakùn nínú ẹ̀, ebu ni, ẹ dá a padà fún un. Ẹni tí kò lówó ẹ̀ ṣùgbọ́n tó ní awò táwọn ọdẹ fi ń wo ọ̀nà jíjìn nílé, ẹ fi lẹ́ńsì fóònù lẹ ojú awò yẹn kan, ẹ so ó pọ̀ pẹ̀lú rọ́bà. Ó máa ń gba sùúrù, etí fọ́tò á dúdú, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

## Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

- Lẹ́ńsì mọ́?
- Fláàṣì kú?
- Oòrùn wà lápá ibi tí mo fẹ́?
- Ojú ẹran ni mo tẹ̀, àbí ewé iwájú ẹ̀?
- Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀? (Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìyá ẹni máa ń wọnú fọ́tò ẹyẹ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.)

## Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́

Ẹ máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín wò ó, ó á sì ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, torí WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kó lè tètè lọ. Ẹ tẹ àmì tẹ́ ẹ fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ má mú Gallery, Document ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ wá fọ́tò náà níbẹ̀. Á jẹ dátà díẹ̀ sí i, àmọ́ á dé bẹ́ ẹ ṣe yà á. Ẹ kọ orúkọ ìlú àti aago tẹ́ ẹ yà á sábẹ́ ẹ̀, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá bi yín nìyẹn, mi ò ní béèrè fóònù.